Aago mélòó ló lù l'Ékòó? Bí a ṣe ń fi TZ rán prógíráàmù níṣẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí aago London lu mọ́kànlá, Britain wọ ogun pẹ̀lú Jámánì. Ìbéèrè kékeré kan rèé: aago mélòó ni agogo ìjọba l'Ékòó ń sọ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an?

Ọ̀pọ̀ wa ló máa dáhùn kíákíá. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú Greenwich, nítorí náà mọ́kànlá alẹ́ di méjìlá òru, ọjọ́ sì ti yí sí ọjọ́ 5. Ìdáhùn yẹn dùn létí, àmọ́ kò tọ̀nà. Tí ẹ bá ní Linux nítòsí (WSL lórí Windows náà máa ṣe é), ẹ ṣí terminal kí ẹ tẹ èyí:

    TZ=Africa/Lagos LC_ALL=C date -d '1914-08-04 23:00 UTC'

Ohun tí ẹ máa rí nìyí:

    Tue Aug  4 23:30:00 +0030 1914

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì ni, ọjọ́ 4 ṣì ni. Ọjọ́ kò tíì yí rárá.

Níbo ni ààbọ̀ wákàtí yẹn ti wá? Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù ni àwọn fáìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní tzdata. Arthur David Olson ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, Paul Eggert ló sì ń bójú tó o báyìí. Kì í ṣe pé ó kàn kọ "Èkó, wákàtí kan" sílẹ̀. Ìtàn agogo ìlú kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Ti Èkó lọ báyìí: kí ó tó di ọjọ́ 1 oṣù Keje 1905, oòrùn ni Èkó ń tẹ̀ lé, ó sì fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣíwájú Greenwich. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé agogo sí ti Greenwich gan-an. Ọdún mẹ́ta péré, ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 1908, wọ́n tún dá a padà sí ti oòrùn (kí ìjọba ṣe nǹkan kí ó tún un tú, kò bẹ̀rẹ̀ lónìí o). Ní ọjọ́ 1 oṣù Kíní 1914, ọjọ́ kan náà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1919 ló tó di wákàtí kan tí a ń lò títí dòní.

Tí tzdata tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín bá ti wà ṣáájú 2021, ẹ lè rí 23:13 dípò 23:30, torí pé àkọsílẹ̀ àtijọ́ fo láti àkókò oòrùn bọ́ sí wákàtí kan ní 1919 láì mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Ẹ ṣe update, kí ẹ tún un gbìyànjú.

Ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 35 yẹn kì í ṣe àdábọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ayé ń yí ìdíwọ̀n 360 ní wákàtí 24, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdíwọ̀n kan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Èkó wà ní nǹkan bí ìdíwọ̀n 3.4 sí ìlà-oòrùn Greenwich. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ìṣẹ́jú 13 lé díẹ̀ lẹ máa rí. Abẹ́òkúta fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, nítorí náà oòrùn tó ń ran Èkó ló ń ran Olúmọ, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Wákàtí kan tí a ń lò lónìí, ti ìdíwọ̀n 15 ni, ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ N'Djamena kọjá ní Chad. Ìdí nìyẹn tí oòrùn kì í fi í dé góńgó l'Abẹ́òkúta ní méjìlá géérégé. Tí a bá da ọdún pọ̀, nǹkan bí 12:46 ló ń débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo òjìji igi láti mọ ìgbà tí ó di ọ̀sán gangan, ẹ ò jẹ̀bi.

Kí ló wá kàn mí nínú agogo 1914? Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn alẹ́ ogun yẹn, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ni àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa àwọn ará Ìjemọ̀ l'Abẹ́òkúta. Ikú Ṣóbíyì Pọ́nlàdé, àgbàlagbà kan tó kú sí àtìmọ́lé, ló ti dá ìbínú sílẹ̀ ládùúgbò náà. Olúwo Ìjemọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn náà ni òmìnira Ẹ̀gbá, èyí tí àdéhùn 1893 fọwọ́ sí, dópin. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ìwádìí nípa ìtàn ń to ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ní wákàtí sí wákàtí: wáyà láti London, ìwé ìròyìn l'Ékòó, lẹ́tà àwọn òyìnbó. Irú iṣẹ́ báyẹn, wákàtí kan tí a fi ìrọ̀rùn rò mọ́ ọn lè gbé ìṣẹ̀lẹ̀ kan kúrò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ sí Ọjọ́rú. Ẹni tó bá ka ìwé náà lẹ́yìn ogún ọdún kò ní mọ̀ pé ìṣirò ló ṣe é. Ohun kan sì rèé o: agogo Èkó nìkan ni fáìlì yìí ń ròyìn. Abẹ́òkúta kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí a tẹ̀. "TZ=Africa/Lagos" tó ṣáájú "date" yẹn, environment variable ni wọ́n ń pè é. Orúkọ kan ni, àmì ọgbọọgba kan, àti ohun tí orúkọ náà dúró fún. Ó ti wà látìgbà Unix ẹ̀dà keje ní 1979, nínú shell tí Stephen Bourne kọ ní Bell Labs. Nígbà tí ẹ bá ní kí shell ṣe iṣẹ́ kan, kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó máa ń bí ọmọ kan, á di ẹrù fún un, á ní kí ó lọ. Ohun méjì ló wà nínú ẹrù náà: iṣẹ́ tí ẹ rán an (ohun tí ẹ kọ sí ẹ̀yìn orúkọ prógíráàmù), àti àwọn variable wọ̀nyí, tó ń sọ irú ayé tó ti ń ṣiṣẹ́ fún un. Èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé? Agogo ìlú wo ni wọ́n ń wò? Níbo ni kí ó ti máa wá àwọn prógíráàmù mìíràn?

Ẹ̀dà ni ẹrù yìí, ọ̀rọ̀ gbogbo wà níbẹ̀ yẹn. Tí màmá yín bá kọ iye owó sórí bébà fún yín pé kí ẹ lọ ra àdìrẹ l'Ítòkú, tí ẹ sì fi bíírò yí i lọ́nà, bébà tó wà nílé kò yí. Bẹ́ẹ̀ náà ni shell rí. Ọmọ lè da ẹrù tirẹ̀ rú bó ṣe wù ú, kò lè fọwọ́ kan ti ìyá. Nítorí náà, kíkọ variable síwájú àṣẹ kan ṣoṣo kò ba nǹkan kan jẹ́. "date" rí agogo Èkó, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó kú. Ẹ tẹ "date" lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí ohunkóhun níwájú rẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ lẹ máa bá.

Fún àwa tí a ń pín server kan lò ní department, ohun ńlá ni èyí. UTC ni agogo ọ̀pọ̀ server wà, kò sì yẹ kí ẹ̀yin yí i, ẹ ò tiẹ̀ ní àṣẹ sudo tí ẹ máa fi yí i. Ẹlòmíràn ń ṣe òṣùwọ̀n òjò, ẹlòmíràn ń ka iye ìṣẹ́jú tí model rẹ̀ fi ṣiṣẹ́. Tí agogo bá fò láàárín iṣẹ́, ìjà dé nìyẹn. Ẹ fi TZ síwájú àṣẹ tiyín, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Irú rẹ̀ náà ni OMP_NUM_THREADS:

    OMP_NUM_THREADS=4 ./model

Ọ̀pọ̀ prógíráàmù ìṣirò tí wọ́n fi OpenMP kọ máa ń gba gbogbo core tó wà lórí ẹ̀rọ tí ẹ kò bá sọ fún un pé mẹ́rin tó. Ó dà bí ẹni tó bá gbogbo ilé jẹun, tó dá abọ́ gbé. Ẹ fi nọ́ńbà síwájú rẹ̀, kí àwọn ará yòókù lè mí.

Tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ohun tí ẹ máa tẹ̀ nínú terminal yẹn gba ẹrù kan náà, "export TZ=Africa/Lagos" lẹ máa kọ. Ó máa wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi ti terminal, tàbí tí ẹ ó fi kọ "unset TZ". Èrò tèmi ni pé kí ẹ ṣọ́ export lò. Ohun tí ẹ export láàárọ̀ lẹ ti máa gbàgbé ní ọ̀sán, á sì máa bá yín wọ inú gbogbo iṣẹ́ bí eruku ilẹ̀ pupa.

Ìdẹkùn méjì kan wà níbí tí kì í jẹ́ kí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ sùn. Ẹ tẹ èyí:

    TZ=Asia/Tokyo echo $TZ

Ẹ máa retí Asia/Tokyo, àmọ́ òfo lẹ máa rí, tàbí ohun tí TZ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ó kọ̀. Shell fúnra rẹ̀ ló ka $TZ tó sì fi ohun tí òun mọ̀ rọ́pò rẹ̀ kí ó tó di ẹrù fún ọmọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ gbé lọ́wọ́, ọmọ ni kí ẹ bi: "TZ=Asia/Tokyo printenv TZ". Ìkejì wà níbi òpó "|". Tí ẹ bá kọ "LC_ALL=C cat fáìlì | sort", cat nìkan ló gba LC_ALL. Sort kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ ẹni tí ẹ ń bá wí gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Àwọn àgbà ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Prógíráàmù kò mọ ìyẹn. Tí ẹ bá fi ìwé òfo rán an, ó máa fi ọ̀wọ̀ gba ìwé òfo náà, kò ní bi yín léèrè, á sì mú èsì bọ̀ pẹ̀lú ojú tó mọ́ kedere. Ẹ wo èyí:

    TZ=Africa/Abeokuta date

Kò sí Abeokuta nínú tzdata, a ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò ní rí ìkìlọ̀ kankan ṣá. Agogo UTC ló máa fún yín, á wá kọ "Africa" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé orúkọ time zone nìyẹn. Ẹni tí kò bá fura á gbà á, á sì fi wákàtí kan pẹ́ sí ìpàdé. "TZ=WAT date" tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé WAT ni orúkọ tí a ń pe àkókò wa lóòótọ́. Ẹ máa rí WAT lójú, UTC ló wà nínú rẹ̀. Òfin POSIX sọ pé orúkọ gbọ́dọ̀ ní iye wákàtí lẹ́yìn. Tí kò bá ní, òdo ni Linux ń kà á sí.

Ẹlòmíràn á wá ní ó dáa, òun á kọ "TZ=UTC+1". Rárá o! Nínú òfin yẹn, àmì náà yí padà sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n: "+" túmọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn Greenwich. UTC+1 máa dá yín padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, èyí tó túmọ̀ sí wákàtí méjì sí agogo tó wà lára ògiri yín. "TZ=WAT-1" ni ìkọ̀wé tó bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n ẹ fi í dán alẹ́ 1914 wò:

    TZ=WAT-1 LC_ALL=C date -d '1914-08-04 23:00 UTC'
    Wed Aug  5 00:00:00 WAT 1914

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn tó tún padà wá, torí pé WAT-1 kò ní ìtàn kankan nínú. Nọ́ńbà lásán ni. Africa/Lagos nìkan ló mọ̀ pé agogo Èkó kò fìgbà gbogbo rí báyìí. Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ kan, ẹ wò ó bóyá ó wà:

    ls /usr/share/zoneinfo/Africa/Lagos

LC_ALL tí mo ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ TZ ńkọ́? Èdè ló wà fún. "C" ni mo fi sí i kí èsì tiyín lè jọ tèmi láìka èdè kọ̀ǹpútà yín sí. Àmọ́ ó ní agbára tó ju ìyẹn lọ, pàápàá fún àwa tí a ń kọ Yorùbá. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò Abẹ́òkúta mẹ́fà sínú fáìlì kan, ọ̀kan lórí ìlà kan: Sápọ́n, Ìjemọ̀, Aké, Lafẹ́nwá, Gbágùrá, Ìtòkú. Lẹ́yìn náà:

    LC_ALL=C sort adugbo.txt

Aké ló máa ṣáájú, Gbágùrá á tẹ̀ lé e, Lafẹ́nwá, Sápọ́n, lẹ́yìn gbogbo wọn ni Ìjemọ̀ àti Ìtòkú tó wá bọ́ sílẹ̀ bí àlejò tó pẹ́ dé. Kí ló fà á? Lábẹ́ C, sort kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kankan, nọ́ńbà lásán ló ń wò. Nọ́ńbà A ni 65, ti S ni 83. Ì tó ní àmì ohùn lórí, tí a bá tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, nọ́ńbà méjì ló jẹ́, 195 ni àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó wá di pé àmì ohùn lórí I lé Ìjemọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ fojú inú wo register ilé-ìwé tàbí àkójọ orúkọ olùdìbò tí wọ́n tò báyẹn: ẹni tó bá wá orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ I kò ní rí i, wọ́n á sì sọ fún un pé kò sí níbẹ̀.

Ẹ wá gbìyànjú "LC_ALL=yo_NG sort adugbo.txt". Ìjemọ̀ àti Ìtòkú á padà sí ààyè wọn láàárín Gbágùrá àti Lafẹ́nwá. Òótọ́ ni pé en_US.UTF-8 náà lè ṣe ìyẹn. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti máa kùnà ni lẹ́tà wa gan-an. Fún en_US, ẹ kàn jẹ́ e tó ní ẹ̀gún lábẹ́ ni, á sì to ẹja ṣáájú ewé àti ewúrẹ́. Lójú rẹ̀, gbogbo ṣáájú gèlè, torí pé b ṣáájú e. Yo_NG mọ̀ pé ẹ jẹ́ lẹ́tà tó dá dúró lẹ́yìn e, ó sì mọ̀ pé gb jẹ́ lẹ́tà kan lẹ́yìn g. Nítorí náà, ewé, ewúrẹ́, kí ó tó kan ẹja; gèlè, kí ó tó kan gbogbo. Bí ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá ṣe ń tò ó náà nìyẹn. Ó nílò kí glibc yín jẹ́ tuntun, kí yo_NG sì wà lórí ẹ̀rọ yín. "locale -a | grep yo" máa sọ fún yín. Tí kò bá sí lórí Ubuntu, "sudo locale-gen yo_NG" ni. Tí kò bá sí, tí ẹ sì lò ó bẹ́ẹ̀, sort máa padà sí C, gẹ́gẹ́ bí TZ ṣe ń padà sí UTC.

LC_ALL ló ga jù nínú ìdílé rẹ̀. LC_TIME ń bójú tó ọjọ́ nìkan, LC_COLLATE ń bójú tó títò, LANG sì ni ti ẹ̀yìn pátápátá tí a ń lò tí kò bá sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fi LC_TIME sílẹ̀ tí kò sì ṣiṣẹ́, ẹ wò ó bóyá LC_ALL ti jókòó sórí rẹ̀.

Ẹrù tí ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ yìí ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, Stéphane Chazelas rí i pé tí Bash bá gba variable kan tí wọ́n kọ bí function, ó máa ń ṣe àṣẹ tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, láì bi ẹnikẹ́ni. Àwọn web server kan sì ń kó ohun tí àlejò bá kọ ránṣẹ́ sínú environment kí wọ́n tó pe Bash. Ẹni tó wà ní òkèèrè lè tipa bẹ́ẹ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Shellshock ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì ti tún un ṣe. Èyí wà lára ìdí tí sudo fi ń tú ẹrù wò kí ó tó wọlé: ọ̀pọ̀ variable tí ẹ export ló máa ń gbà lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin náà lè tú u. "env -u TZ date" yọ TZ nìkan, "env -i" sì ń rán ọmọ jáde láì di nǹkan kan fún un. Ó wúlò gan-an tí prógíráàmù kan bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín tí kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Tí ó bá kú lábẹ́ env -i, ẹrù ni ẹ ti máa wá ìdí rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn wà fún àwọn tó ní ẹbí káàkiri:

    for z in Africa/Lagos Africa/Lome Europe/London America/Chicago
    do printf '%s ' $z; TZ=$z date +%H:%M; done

Lomé máa ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa ní gbogbo ọdún. London ń bá wa dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn nígbà òtútù. Tí ìyípadà bá dé ní ìparí oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹwàá, tzdata ti mọ̀, kí ẹ tó pe àǹtí yín ní Peckham lójú oorun.